Kámẹ́rà Inú Ọ̀rá

"Èwo lẹ máa mú nínú méjèèjì, ẹ̀yin ọmọ yìí? Iye kan náà ni wọ́n."

Bádrù, tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní Trade Fair, gbé wẹ́bùkáàmù méjì, kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, síwájú Rùkáyátù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀kan, ó rí rógódó bí àgbálùmọ̀, ara rẹ̀ sì ti ha. Tuntun ni èkejì, ó ń dán gbinrin nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa.

Rùkáyátù rántí ìkìlọ̀ Bọ̀dá Ọbáfẹ́mi, aládùúgbò wọn tó ni awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. "Lẹ́ńsì iwájú kámẹ́rà náà gbọ́dọ̀ ṣeé yí kúrò, torí awò mi ló máa ṣe lẹ́ńsì fún un. Fọwọ́ ara rẹ yí i wò kó o tó sanwó. Má wo ẹwà o!"

Ó mú tòkunbọ̀, ó yí lẹ́ńsì rẹ̀. Ó tú wẹ́rẹ́ bí ìdérí ìgò.

Ni Juliana ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ìyẹn lo fẹ́ gbé wọ kaféè? Gbogbo SS2 á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi ṣe WAEC tán! Mú tuntun jàre, ká máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ká má parọ́, ọkàn Rùkáyátù náà ti wà lára tuntun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi já ọ̀rá yìí kí n yí ti èyí náà wò."

"Rárá o, àbúrò. Ẹni tó bá já ọ̀rá ló ra ọjà. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá o, ṣùgbọ́n ìwọ lo lowó."

Tuntun ló mú. Ó kúkú gbọ́ ìkìlọ̀, ó kọ etí ikún sí i ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé e dé ọjà fún yín. Ọládiméjì, bàbá rẹ̀, ti fi ọgbọ̀n ọdún tún aago ṣe ní Festac. Àrùn ojú kan wá mú un, èyí tó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, dókítà sì ní kò ní pẹ́ tójú náà yóò fi fọ́ pátápátá. Nígbà tí Bọ̀dá Ọbáfẹ́mi ròyìn ayé kan tó wọ òrùka lójú ọ̀run, tí wọ́n ń pè ní Sátọ̀nì, bàbá fojú mọ́ ihò awò náà títí, kò rí kinní kan. Bọ̀dá ní bí kámẹ́rà bá lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà òun, yóò tóbi tó ohun tí bàbá lè rí.

"Ohun wínníwínní ni mo fi gbogbo ayé mi wò," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ n rí ńlá kan kójú yìí tó lọ." Aago ọwọ́ ara rẹ̀ ló tà kí wọ́n fi ra kámẹ́rà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2007 ni, kété lẹ́yìn àdúrà mágàríbì. Bàbá ti jókòó sórí àpótí níwájú kọ̀ǹpútà Bọ̀dá ní ìta, ó wọ jalámíà funfun bí ẹni ń lọ sí ìrun Jímọ̀. Rùkáyátù ti já ọ̀rá kámẹ́rà nílé. Bọ̀dá gbà á, ó yí lẹ́ńsì. Kò mira. Ó tún yí i, pàbó ló já sí.

"Rùkáyátù, ṣé o yí i wò lọ́jà?"

Rùkáyátù gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo yí i wò, Bọ̀dá. Bóyá ó kàn le ni. Ẹ jẹ́ n lọ tú u."

Ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó fi ọ̀bẹ tẹ ìdí lẹ́ńsì náà. Pàkà! Lẹ́ńsì fò sọnù, ọ̀bẹ sì wọnú kámẹ́rà lọ, ibi tó ń gba àwòrán sì fọ́ wẹ́wẹ́.

"Ṣé Sátọ̀nì ti dé?" ni bàbá ń bi wọ́n níta.

"Kò tíì dé, Bàbá. Kámẹ́rà yìí ti bà jẹ́ kí n tó rà á ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré padà sọ́dọ̀ Bádrù. Wọ́n ti ra tòkunbọ̀ lọ. Òjò dé, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Kí àwẹ̀ ọdún náà tó wọlé, bàbá ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́.

Ẹrẹ́nà ọdún kejì ni Bádrù tó tún rí irú tòkunbọ̀ yẹn. Lẹ́ńsì tú, kámẹ́rà wọ ìdí awò, Sátọ̀nì sì yọ lójú kọ̀ǹpútà tòun ti òrùka rẹ̀. Rùkáyátù bú sẹ́kún.

"Ó ti dé nìyẹn," ni bàbá wí. Ó na ìka tó ti tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún aago síwájú. "Ibo ni òrùka náà wà?"

Rùkáyátù di ìka náà mú, ó fi yípo àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà. "Ibí ni, Bàbá. Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò yí i wò lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ bà á jẹ́."

"Mo gbọ́ nígbà tó fọ́," ni bàbá dáhùn. "Ẹni tó ń tún aago ṣe mọ ìró ohun tó fọ́. Láti èṣí ni mo ti ń retí kó o sọ ọ́."

Ó dárí jì í, ṣùgbọ́n ojú tó ti lọ ò padà. Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín ni kí ẹ jẹ́, ẹ má jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rín ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, Rùkáyátù sì ń rí ti ẹ̀ nígbàkigbà tí bàbá rẹ̀ bá ń táràrà wá ilẹ̀kùn.