Okùn Tí Wálé Ká Lọ

Ọ̀dọ́ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kí o gbọ́ ti Rótìmí. Bí o bá kà á tán, kí o bi ara rẹ léèrè ẹni tó di okùn tìrẹ mú.

Rótìmí láyà. Kò sí ọmọ Odò-Ọwà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oko kòkó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbẹ́ kòtò wá òkúta iyebíye, òun ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú èyí tó bá jìn jù. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń yin ara rẹ̀: "Ẹ̀rù kì í bà mí. Ẹ̀rù gan-an ló ń bẹ̀rù mi."

Wálé lọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Wálé ló máa ń dúró lókè, tí í di okùn mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì fẹnu kan irin dígà, wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ kó bá ilẹ̀ lọ. Rótìmí gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹnì kan wà tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Samuel lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó máa ń tiro. Ó kọ̀, kò bá wọn wọ kòtò. Bó bá ti ń kọjá lọ sóko bàbá rẹ̀, Rótìmí á pariwo, "Ojo! Rọra o, Bíbélì rẹ wúwo!" Samuel á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Rótìmí, Jésù fẹ́ràn rẹ," á sì máa tiro lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, Rótìmí wà nísàlẹ̀ kòtò. Dígà rẹ̀ kan ohun kan. Ó nu ẹrẹ̀ ara nǹkan náà kúrò. Òkúta aláwọ̀ ewé ni, ó mọ́ gaara, ó tóbi ju èyíkéyìí tí wọ́n ti rí lọ.

"Wálé! A ti là!"

"Fi sínú garawa kí n fà á sókè ná," ni Wálé dáhùn. "Màá sọ okùn padà sí ọ."

Òkúta gòkè. Okùn ò padà.

Rótìmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wálé, kúrò níbi eré!" Òjò dé. Àgbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ kòtò, ilẹ̀pa ara ògiri ń já bọ́ lé e léjìká. Omi dé orúnkún rẹ̀ kó tó yé e pé ọ̀rẹ́ òun ti ká okùn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun! Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ó ṣépè fún Wálé títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí ohùn há tán, tí kò rí ẹni bú mọ́, ohun kan tí kò fẹ́ rántí wá sí i lọ́kàn. Ọmọdé ni òun àti Samuel nígbà náà. Wọ́n gun igi ọsàn olóko kan láìtọrọ. Samuel já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ó nawọ́, ó ní, "Rótìmí, má fi mí sílẹ̀." Rótìmí gbọ́ ìró ẹsẹ̀ olóko, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni títiro yẹn ti wá. Samuel ò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Èmi náà, Wálé ni mí," ni Rótìmí sọ jáde, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Rótìmí!" Ohùn Samuel ni, lẹ́nu kòtò. "Mo pàdé Wálé lọ́nà. Mo bi í pé ìwọ ńkọ́, ó ní o ti relé, ṣùgbọ́n kò lè wojú mi. Dúró, kí n lọ wá okùn. Màá padà."

"Má lọ! Bẹ́ẹ̀ náà ni Wálé ṣe sọ!" Ó mí kanlẹ̀. "Samuel, mo sá fi ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn."

Samuel dáhùn. "Mi ò gbàgbé. Ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó dùn mí, ó sì pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú Jésù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá fi í sílẹ̀, òun ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Ké pè é. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n màá padà."

Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Rótìmí ò pè é lójo mọ́.

Omi dé àyà rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti dà. Ó gbójú sókè sínú òjò. "Jésù, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Bí o bá ń gba ọ̀dàlẹ̀, gbà mí."

Samuel padà. Bàbá Ògúnlàdé, tó bí Wálé lọ́mọ, ló rí pè nínú oko ìtòsí. Wọ́n so okùn mọ́ igi obì. Samuel dojú bolẹ̀ lẹ́nu kòtò níbi tí ilẹ̀ ti ń ya, ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa Rótìmí jáde, Bàbá bi í pé, "Ṣé ọmọ tí mo bí ló ṣe èyí?" Bàbá fi ọwọ́ bojú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Rótìmí dìde níwájú ìjọ, ó sọ ọ̀rọ̀ igi ọsàn. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á nínú omi lọ. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tí ìgboyà jẹ́. Wálé ò tíì padà wálé. Rótìmí ń gbàdúrà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíràn àdúrà náà máa ń ṣòro fún un.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀dọ́? Bóyá wọ́n ti ká okùn tìrẹ lọ, tí inú rẹ sì ń gbóná. Má jókòó sínú kòtò kí o máa ṣépè. Wo inú ara rẹ pẹ̀lú: ta ni ìwọ náà sá fi sílẹ̀? Sọ ọ́ fún Jésù bó ṣe rí, má fi ìkankan pamọ́. Kò ní bú ọ. Ọwọ́ tí wọ́n fi ìṣó kàn ló nà sí ọ yẹn. Dì í mú lónìí. Òjò ò dúró de ẹnikẹ́ni, omi sì ń gòkè.