Ẹsẹ̀ Òsì Bàálù Bàbá Pọ̀sí

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ọlámipọ̀sí bá mi sọ láyé yìí, "ẹ" ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ẹ" yẹn náà ló sì kó wa sí wàhálà.

Abẹ́ bàálù kan ni mo wà lọ́jọ́ náà, nínú hángà, ilé àtúnṣe bàálù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Àjàó Estate. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló yọ síta. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Mo fà ara mi jáde pẹ̀lú gíríìsì lójú. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Háà! Ẹ má bínú, mà."

"Kí ló mú ọ pè mí ní sà?"

"Bàtà yín ni, mà."

Èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ni Morọ́lá, ẹsẹ̀ bàálù sì ni iṣẹ́ mi. Ó ní òun fẹ́ kí n bá òun tún ẹsẹ̀ bàálù bàbá òun ṣe.

Bàálù ọ̀hún dàgbà ju àwa méjèèjì lọ. Elérò mẹ́rin ni, kò ju báyìí lọ. Albert, bàbá Pọ̀sí, tó jẹ́ awakọ̀ bàálù bíi ti ọmọ rẹ̀, ló fi í sílẹ̀ kó tó kú, láti ìgbà náà kò sì tíì fò. Irú èyí tó máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú lójú òfurufú ni, tó sì gbọ́dọ̀ nà wọ́n jáde padà kó tó balẹ̀. Iná kékeré mẹ́ta ló wà níwájú awakọ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá nà tán tó sì kọ́ síbi tó yẹ, iná tirẹ̀ á tàn.

Ẹsẹ̀ òsì yẹn ya ọ̀lẹ pátápátá. Tí mo bá gbé bàálù sórí jáàkì láti dán an wò, àwọn méjì yòókù á ti nà tán, tòsì á ṣì máa rò ó. Màá wá fi ìdí tì í síta díẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó dún "kọ́ọ̀". Mo tú u palẹ̀, mo pààrọ̀ bóòtù rẹ̀, mo pààrọ̀ róbà inú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Pọ̀sí ń wá, á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá láti ọjà Bọ́ládé, á sì di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣàdédé gbé tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. "Àǹtí Morọ́lá, mo nífẹ̀ẹ́ yín."

"Yín? Èmi àti ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni, torí mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ.

Nígbà tó fẹ́ mú mi lọ fi han ìyá rẹ̀, inú ọkọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bó ṣe máa sọ 'o' sí mi.

"Sọ pé 'o'," ni mo wí fún un.

"O."

"Morọ́lá, ṣé o ti jẹun?"

"Morọ́lá, ṣé o ti jẹun? Ṣé ẹ rí i pé mo mọ̀ ọ́n?"

Mo sọ lọ́kàn mi pé a ti gbé.

Màmá Beatrice, ìyá rẹ̀, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń béèrè ìlú àwọn òbí mi nígbà tí Pọ̀sí na ọwọ́ sí mi pé, "Àǹtí Morọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi yẹn."

Ṣíbí Màmá dúró láàárín àwo àti ẹnu.

"Ọlámipọ̀sí, ìyàwó lo mú wá fún mi ni, àbí ẹ̀gbọ́n?"

Màmá bi mí ní ọjọ́ orí mi, mo sì sọ ọ́, n kì í purọ́ ọjọ́ orí. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń sọ 'ẹ' sí ìyàwó rẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé?"

Ó sìn mí dé ẹnu géètì. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló tún dùn mí jù. "Mo dúpẹ́ pé ò ń bá wa tún bàálù ọkọ mi ṣe. Tó bá ti fò báyìí, iṣẹ́ rẹ parí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Pọ̀sí bẹ̀ mí, ó ní òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ò ní bá ìyá jà nítorí ọmọ rẹ̀. Mo parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tó bá fò lọjọ́ ìdágbére wa.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni. Màmá wá wo bàálù ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá wa, Ògúnjìmí, gbé àga fún un lẹ́nu hángà. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n bàálù ló ń wò. Nígbà tí Pọ̀sí fi í gbéra nílẹ̀, Màmá fi ìborùn nu ojú.

Kò pẹ́, nígbà tó fẹ́ balẹ̀, ohùn Pọ̀sí jáde láti inú rédíò ọwọ́ mi. "Hángà, iná méjì péré ló tàn. Tòsì ò tàn."

Mo dá a lóhùn pé, "Ká wọn wọlé, kó o tún nà wọ́n."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mà."

Ó fò rẹlẹ̀ kọjá lórí wa kí n lè rí i. Ẹsẹ̀ òsì náà yọ síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò nà tán, ó ń mì. Tó bá fi í balẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á ká, apá òsì á gbá ilẹ̀, epo sì wà nínú apá yẹn. Ọkọ̀ panápaná ti ń jáde.

Màmá ti dìde. "Kí ló dé? Ta ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

Mo retí ìgbátí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di apá aṣọ mi mú, gíríìsì ò jẹ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Màmá Beatrice wí fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀."

Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Èmi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè.

"Pọ̀sí, ọ̀pá kan wà láàárín ìjókòó méjèèjì. Fi pọ́ǹpù ẹsẹ̀ yẹn."

"Mò ń pọ́ǹpù ú. Ó ti le. Kò lọ mọ́."

"Iná ńkọ́?"

"Kò tàn."

Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Mo di ojú mi, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀lẹ yẹn lórí jáàkì, mo rí ara mi tí mò ń fi ìdí tì í. Ta ló máa tì í lókè yẹn? Atẹ́gùn nìkan ló wà níbẹ̀.

"Olówó orí mi, gbọ́. Lọ sókè sí i. Tẹ pẹ́dà òsì mọ́lẹ̀, jẹ́ kí imú bàálù yà sósì, kí atẹ́gùn lè ti ẹsẹ̀ yẹn síta. Má fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀."

"Àǹtí Morọ́lá, tí kò bá wá..."

"Tẹ̀ ẹ́!"

Bàálù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá ń pe Jésù, Jésù, Jésù. Mo gbé rédíò mọ́ etí.

"Ó dún," ni Pọ̀sí wí. "Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tàn."

Mi ò gba iná gbọ́. Táyà ọ̀tún kan ilẹ̀, tòsì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ òsì náà kò ká. Bàálù ń sáré lọ lórí rọ́nwéè lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi sì jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí Pọ̀sí dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì rántí ẹ̀kọ́ inú ọkọ̀.

"Morọ́lá, o kú iṣẹ́," ló wí, láìṣe àṣìṣe kankan. "O ṣeun."

Màmá gbá a léjìká. "Ta lò ń sọ 'o' sí? Ẹni tó mú ọ balẹ̀ láàyè! Dọ̀bálẹ̀, kó o kí i dáadáa!"

Pọ̀sí na gbalaja sórí símẹ́ńtì. "Ẹ ṣeun, mà."

Ọ̀gá Ògúnjìmí yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ.

"Mà, ó jọ pé róbà tuntun tí mo fi síbẹ̀ ló le jù, tí kò jẹ́ kó nà tán. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ má bínú. Mo gbọ́dọ̀ tún un tú."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìborùn funfun rẹ̀ nu gíríìsì àti omijé kúrò lójú mi.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," ló wí, "iṣẹ́ rẹ ò tíì parí lọ́dọ̀ wa, ìyàwó mi. Dìde."