Àpò-ò-kún àti Kẹ́ẹ̀gì Omi

"Ẹ gbé e mì! Ẹ má dúró o! Ó ku díẹ̀!"

Aránṣọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó di fóònù tó fi ń ka ìṣẹ́jú mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́nu.

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí, àmọ́ ìdíje oúnjẹ jíjẹ ló sọ ọ́ di olókìkí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá jẹ búrẹ́dì mẹ́fà tán lójú àwọn bíríkìlà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Àpò-ò-kún. Ẹyin sísè ni o, ẹran díndín ni o, ẹ ṣáà gbé e wá. Ife ẹ̀yẹ mẹ́rin ló ti gbà. Àfi lọ́dún tó kọjá tí ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi ẹyin mẹ́jọ ta á yọ. Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á máa rìn yíká yàrá.

Ìdíje mìíràn wá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ló sọ fún un pé omi ni kó máa fi na ikùn, kó lè fẹ̀ gba oúnjẹ púpọ̀.

"Omi lásán ni," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ta ni omi pa rí, bí kò ṣe ẹni tó rì sódò?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà láti máa bá a ka ìṣẹ́jú. Ó kúkú fẹ́ kí ọkọ òun borí, kí gbogbo wọn lè sinmi.

Lítà márùn-ún ló dà mu láàárọ̀ yẹn. Kò pẹ́ tó fi di orí mú.

"Orí ń fọ́ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀."

Ó bì. Ó tún bì. Nígbà tó gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ta ni ọ́?"

"Ẹ má bá mi ṣeré o!"

Kì í ṣe eré. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́. Àyà aránṣọ já. Àbí omi ti tán lára rẹ̀ nítorí pé ó ń bì? Ló bá sáré bu omi tútù sí ife, ó fẹ́ gbé e sí i lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì ti gbọ́ ariwo, ó já wọlé. "Dúró! Kí lò ń fún un?"

"Omi ni, Àǹtí. Ó ń bì ni."

"Ṣé ó ti mu omi tẹ́lẹ̀?"

Aránṣọ nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo. "Lítà márùn-ún ló mu."

"Yéè! Gbé ife yẹn sílẹ̀! O fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n gbé e sínú takisí. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, gìrì ti mú un. Aránṣọ bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ń ka ìṣẹ́jú fún un o! Èmi ni!"

"Gbọ́, ìyàwó," nọ́ọ̀sì wí. "Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí omi púpọ̀ bá ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà, á borí iyọ̀ yẹn. Ọpọlọ á wá máa wú, kò sì sí àyè tó máa wú sí nínú agbárí. Bó o ṣe sọ iye tó mu fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ fún dókítà. Má fi ìkankan pamọ́."

Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, wọ́n sì rí ọkọ rẹ̀ tọ́jú. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Àpò-ò-kún ṣì wà lọ́jọ́ ìdíje. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ta ló gba ife?" ó béèrè.

"Ọmọbìnrin yẹn náà ni."

Lójijì, ó na ọwọ́. "Fún mi ní fóònù. Kí lòun fi ń na ikùn tiẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà gbé ìpè, Àpò-ò-kún sì bi í. "Ẹ̀gbọ́n, omi ni o. Mo tiẹ̀ ń mu ún lọ́wọ́ báyìí."

"Gbé e sílẹ̀!" Ọkùnrin náà pariwo débi tí àwọn aláìsàn yòókù fi jí.

Ẹ̀yin ará, omi dára, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ká máa mu ún. Ẹ má fi omi na ikùn, ẹ má sì fi omi mímu díje. Bí ẹni tó mu omi lámujù bá ní orí ń fọ́ òun, tó ń bì, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má fún un lómi mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá, kí ẹ sì sọ iye tó mu. Ẹ má tijú. Aránṣọ ò tijú, ìdí nìyẹn tí kò fi di opó.