Ọkùnrin Tó Ń Se Alùpùpù

Èéfín ni Ìbíyẹmí kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin náà. Ó dúró ti àgbá omi kan tó ń hó lórí iná igi, nínú àgbàlá ilé kan ní Bàrígà, ó ń fi ọ̀pá ti nǹkan pupa gbọọrọ kan bọnú omi bí ẹni ń ro ọkà. Òógùn bò ó lójú. Nǹkan pupa náà kò fẹ́ rì.

Àpótí ìwé wà lórí Ìbíyẹmí. Ìwé tí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ṣómólú bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akoka dì ló ń lọ já fún wọn, ọ̀nà àbùjá ló sì gbà. Kò yẹ kó dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tó bá jinná, kí ẹ bá mi bu díẹ̀."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ gbé abọ́ wá."

"Kí lẹ tiẹ̀ ń sè?"

"Alùpùpù."

Bọ́dúndé ni orúkọ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń tún ṣe fún àwọn ará àdúgbò. Alùpùpù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kú ló fẹ́ sọ di tuntun, irú ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ike pupa tí wọ́n ń pè ní fáíbà bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ òsì dára. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti wọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Ó ti gbẹ́ igi kan tó rí bó ṣe yẹ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà rí. Bí omi gbígbóná bá ti rọ fáíbà náà, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi yẹn títí yóò fi tutù.

Àwọn kan á ní fáíbà lásán ni. Ẹni tí wọn ò bá ba nǹkan bàbá rẹ̀ jẹ́ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bọ́dúndé fà á yọ, ó sáré tẹ́ ẹ lé igi, ó to búlọ́ọ̀kù lé e. Búlọ́ọ̀kù kò wúwo tó. Òun fúnra rẹ̀ bá jókòó lé e.

Nígbà tí Ìbíyẹmí ń bọ̀ láti Akoka, ibẹ̀ ló ṣì jókòó sí.

"Ẹ ò tíì dìde?"

"Tí mo bá dìde kó tó tutù tán, á padà wọ́ ni."

"Ebi ò pa yín?"

"Ó ń pa mí."

Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún un. Bọ́dúndé ń jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ ń gbé ibì kan. Nígbà tí Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí rẹ̀, Bọ́dúndé kò mọ ìgbà tó fò dìde láti bá a gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀, fáíbà náà ta gbàú, búlọ́ọ̀kù yí lulẹ̀.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ fà á," Bọ́dúndé wí.

"Èmi? Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ dìde ni?"

"Ta ni yóò jókòó, tí ẹ̀yin yóò sì máa lọ?"

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àpótí náà sílẹ̀. Ó ní, "Màmá mi ní pírẹ̀sì kan."

Irin ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni pírẹ̀sì náà. Òun ló ń tẹ àwọn ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ. Fáíbà náà gùn jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Bọ́dúndé ti ń sè é díẹ̀díẹ̀: ìdí lónìí, àárín lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó ṣe di ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Ṣé fáíbà lo wá wò àbí èmi?" Ìbíyẹmí á bi í.

"Fáíbà."

"Ó dáa. Òun nìyẹn, máa bá a sọ̀rọ̀."

"Kò lẹ́yinjú bíi tìẹ."

Ìyá Ìbíyẹmí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú ló fi ń wo ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ó bi Bọ́dúndé pé, "Ta ló ba nǹkan yìí jẹ́ tó báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà. Bámilóyè. Ó kó àpò sìmẹ́ǹtì lé e, ó sì fi í sínú oòrùn."

"Kí ló sọ nígbà tí o bi í?"

"Mi ò bi í. A kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa."

"Ìlú wo ló ń gbé?"

"Abúlé Òkúta níbí, Mà."

Ìyá náà yíjú sí ìwé tó ń rán. Nígbà tí Bọ́dúndé lọ tán ló tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹni tó lè yan ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lódì láti Bàrígà dé Abúlé Òkúta, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn, yóò yan ìyàwó lódì nínú yàrá. Mo ti fẹ́ irú ẹ̀ rí."

Ìbíyẹmí ń kó àwọn ìwé tó ti gbẹ jọ. Ó mọ̀ bí bàbá òun ṣe gbé ayé. Ní kékeré, òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn. "Sọ fún ìyá ẹ pé iyọ̀ pọ̀ jù." Ìyá náà á sì jókòó sí òdìkejì tábìlì kan náà.

Ó ku orí fáíbà náà nìkan. Bọ́dúndé tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sán, àwọn kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá, wọ́n ní òkú ń wọlẹ̀ lọ́la.

"Tú nǹkan yẹn kúrò," ìyá náà wí fún ọmọ rẹ̀.

Ìbíyẹmí fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná. Ó pe Bọ́dúndé títí, ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́. Ó bá tú pírẹ̀sì. Gbàú!

Nígbà tí Bọ́dúndé dé, ó rí i nílẹ̀. Ìbíyẹmí ń ṣàlàyé, Bọ́dúndé kò wo ojú rẹ̀. Ó gbé fáíbà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ara Bọ́dúndé náà kò balẹ̀. Á yọ fóònù, á wo orúkọ Ìbíyẹmí, á tún dá a padà sápò. Ó tú ẹ́ńjìnnì oníbàárà kan palẹ̀, kò rántí bí yóò ṣe tò ó. Ó ń dúró kí inú òun yọ́ kí òun tó sọ̀rọ̀, inú náà kò sì yọ́.

Ìbíyẹmí ló wá sí Bàrígà.

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́," ó wí. "Mo pè ọ́ kí n tó tú u."

Bọ́dúndé dákẹ́.

"Bú mi. Pariwo lé mi lórí. Ṣùgbọ́n má ṣe èyí tí ò ń ṣe yìí."

"Inú ló ń bí mi."

"Ṣé inú kì í bí ẹlẹ́nu ni?" Ó sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. "Mo ti jẹ́ iṣẹ́ odì tó. Mi ò ní bí ọmọ tí yóò tún jẹ́ ẹ."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Bí o bá fẹ́ fẹ́ mi, ta ni yóò mú ọ wá bá màmá mi? Ṣé ìwọ nìkan ni yóò wá tọrọ mi, bí ẹni tí kò lẹ́nìkan? Lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ. Bí o ò bá lè lọ, má wá mọ́, olólùfẹ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n má wá mọ́."

Bọ́dúndé gbéra lọ́jọ́ kejì, ó dé oríta, ó padà. Ó tún gbéra, ó tún padà ní oríta, ó wá ra búrẹ́dì tí kò fẹ́ jẹ, kí àwọn ará oríta má baà rò pé orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó wá dé ẹnu ọ̀nà Bámilóyè nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọ bàtà.

"Ta ló kú?" Bámilóyè bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí wá ló gbé ọ débí?"

"Mo fẹ́ fẹ́yàwó."

Bámilóyè gbé bàtà sílẹ̀. "Obìnrin náà mọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ó mọ̀ mí. Kò tíì gbà, ẹ̀yin lẹ sì fà á. Kí ló dé tí ẹ kó sìmẹ́ǹtì lé alùpùpù Bàbá?"

"Sìmẹ́ǹtì sàréè Bàbá ni. Òjò ń bọ̀, mi ò ríbi gbé e sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún rántí alùpùpù? O ò bi mí."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé o jẹ́ kí n rójú ẹ ni?"

Bọ́dúndé ní, "Inú ṣì ń bí mi."

"Kó máa bí ọ lọ. Ṣùgbọ́n jókòó."

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì tún gbé àgbá kaná. Ọ̀kan ní omi kò gbóná tó, èkejì ní ó ti gbóná jù. Wọ́n fi okùn di fáíbà mọ́ igi, Bámilóyè tẹ̀ ẹ́ nídìí, Bọ́dúndé tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n sì ń jiyàn títí ó fi tutù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ara alùpùpù, àwọn ihò bóòtù rẹ̀ bá ti alùpùpù mu rẹ́gí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé Ṣómólú, Bámilóyè ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó ti dárí jì yín?" Ìyá Ìbíyẹmí bi ẹ̀gbọ́n.

"Rárá o, Mà. Láti Bàrígà débí ló ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí mi létí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, èyí tí kì í sábà ṣe. Ó yíjú sí Bọ́dúndé. "Tí ọmọ mi bá ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Màá bínú, Mà. Màá sì sọ fún un. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́."

"Ìbíyẹmí, o gbọ́ ọ. Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á, Màmá. Èmi náà á máa fún un lésì."

Ó dìde láti lọ bu omi fún àlejò. Láti ìdáná ló ti gbọ́ tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tún ti bẹ̀rẹ̀ iyàn, lórí ẹni tó yẹ kó gbé apẹ̀rẹ̀ èso wọlé, ìyá rẹ̀ sì ń bá wọn dá sí i. Ìbíyẹmí gbé omi dání lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Ó fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.