Ẹbí Tí Oyèrónkẹ́ Háyà

Ọkùnrin tí wọ́n ní kó pariwo, tí kò pariwo, ni Oyèrónkẹ́ kọ́kọ́ rí. Ó dúró láàárín àwọn èèyàn tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, ó ga, irun rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ Áńgílíkà tó ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà.

Fíìmù ni wọ́n ń yà níbẹ̀, ní Atlanta, fíìmù nípa ìdílé Gíríìkì kan tó ń ṣègbéyàwó. Oyèrónkẹ́ ló ń bá wọn lọ aṣọ àwọn òṣèré.

"Ìwọ!" olùdarí eré ké sí ọkùnrin náà. "Gíríìkì ni ẹ́ nínú eré yìí. Pariwo! Ju ọwọ́! Dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ!"

"Gíríìkì ni mí nílé náà, ọ̀gá," ọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nílé wa, a kì í pariwo."

Olùdarí wo irun rẹ̀, ó mi orí, ó ní kó máa lọ sílé. Ẹ wo ayé! Seth, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò mọ apá ibi tí ilẹ̀ Gíríìsì wà, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Seth lẹ irunmú mọ́ ètè, ó ké tòò, ó gbá gbogbo ẹni tó rí mọ́ra, inú olùdarí sì dùn.

Oyèrónkẹ́ bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ibi iṣẹ́ lòun wà. Ọkùnrin náà yíjú sí i.

"Ṣé èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Rárá o. Wọ́n lé Gíríìkì kúrò nínú ẹbí Gíríìkì! Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Thanási lorúkọ òun, olùkọ́ ìṣirò ni òun ní Clarkston, ìsinmi ló gbé òun débẹ̀. Kó tó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ti gba nọ́ńbà Oyèrónkẹ́.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú ariwo ni Oyèrónkẹ́ dàgbà sí, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, àwọn Aunty ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í kan ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ Thanási ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀.

"Mo fẹ́ràn bó o ṣe máa ń gbọ́ mi," Oyèrónkẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Ta ni ò ní gbọ́ ẹ, olólùfẹ́ mi? O kì í sinmi!"

Oyèrónkẹ́ gbá a léjìká, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rọ̀ wá kan Bàbá Dáramọ́lá, bàbá Oyèrónkẹ́, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ellenwood.

"Gíríìkì? Háà! Mo ti wo fíìmù wọn. Wọn ò lóǹkà! Ìyá ọkọ ẹ á máa pàṣẹ lórí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ." Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Àmọ́ ṣá, wọ́n fẹ́ràn ẹbí, ìyẹn dáa. Jẹ́ kí gbogbo wọn wá mọ̀ wá. Ọkùnrin tí ò bá lẹ́bí lẹ́yìn, mi ò ní fọmọ mi fún un."

Oyèrónkẹ́ mọ ohun tí Dádì kò mọ̀. Thanási kò ní ju ìyá rẹ̀ lọ láyé. Bí Dádì bá gbọ́, ó parí nìyẹn.

Aunty Damaris, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ sí i létí. "Ṣebí o mọ àwọn òṣèré? Háyà wọn, kí wọ́n ṣe bí ẹbí ọkọ! Ọjọ́ kan péré ni. Má wulẹ̀ sọ fún Thanási."

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tí ìfẹ́ bá ń dà láàmú, ìmọ̀ràn burúkú a máa dùn létí ẹ̀.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nígbà tí Thanási àti Joanna ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n bá Seth àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké. Bàbá Dáramọ́lá ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi!" Seth fò mọ́ Thanási.

"Ta ni wọ́n?" Joanna bi ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ohùn.

Thanási wo irunmú Seth, ó dá a mọ̀. Ó wá yíjú sí Oyèrónkẹ́.

"Ìwọ náà, Rónkẹ́? Lójú ìwọ náà, mi ò tó?"

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Oyèrónkẹ́ sáré dínà, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo háyà wọn ni! Òun àti màmá ẹ̀ nìkan ni wọ́n. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní gbà á. Kò mọ nǹkan kan sí i." Ó yíjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. "Thanási, o tó. O tó mi, o tún ṣẹ́kù. Ojo ni mo ṣe. Dákun, má lọ."

Seth rọra ṣí irunmú rẹ̀ kúrò.

"Màdáámù," Bàbá Dáramọ́lá bi Joanna, "ẹ̀yin méjèèjì péré?"

"Àwa méjèèjì ni. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá ẹ̀ kú. Gbogbo ayé gbà pé èrò rẹpẹtẹ ni Gíríìkì máa ń bá jẹun. Abọ́ méjì ni mo máa ń gbé sórí tábìlì. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ ọmọ yín fún mi ni mo fi ẹ̀kẹta kún un. Mi ò tíì gbé e kúrò."

Thanási wo ìyá rẹ̀, ó wo Oyèrónkẹ́ nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde. "Mi ò lọ mọ́," ló wí. "Àmọ́ o ò gbọdọ̀ háyà ọkọ o." Oyèrónkẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Dáramọ́lá nu ojú. "Damaris!"

"Sà!"

"Dìde. Kó ìdajì àwọn èèyàn wa, ẹ lọ jókòó lẹ́yìn ìyá yìí. Láti òní lọ, ẹbí ọkọ ni yín."

Ni àga bá ń dún. Àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, àwọn Aunty ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọjá sí òdìkejì pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aunty Damaris jókòó ti Joanna, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Dáramọ́lá gbé agbádá léjìká, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò. Ẹ̀yin mélòó lẹ wá tọrọ ọmọ mi?"

Joanna wẹ̀yìn wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ṣì wọ́n kà, ó tún wọn kà, ó sì tún ṣì wọ́n kà.

"A pọ̀," ló wí. "A pọ̀ gan-an, sà."