Orúkọ Tí Ó Parẹ́ Lórí Téèpù

"Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni yóò wà lára kásẹ́ẹ̀tì yìí. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọ."

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ló sọ bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Narayi, ní ìlú Kaduna, ní ọjọ́ ìkórè ọdún 1993. Òun ló ni ilé iṣẹ́ tí ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì jáde. Àga iwájú ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ dè é. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn méjì tí ó ń bá sọ̀rọ̀ dìde dúró: Olúsọjí, ọmọ ìjọ náà, tí ń kọ ọ̀rọ̀ orin, àti Dáúdà, mùsùlùmí láti Rigasa, tí ń wá ohùn sí ọ̀rọ̀ náà tí ó sì ń tẹ dùùrù.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn gáréèjì ní àdúgbò Television. Mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n fi bo ògiri kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé.

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù, Ṣọjí," ni Dáúdà máa ń wí. "Ṣé ìwé ìròyìn lo fẹ́ kí n kọ lórin ni?"

Kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, Dáúdà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé: "Dáúdà àti Ṣọjí ló ṣe é." Àmì wọn nìyẹn. Àwọn awakọ̀ gáréèjì mọ̀ ọ́n sórí.

Ọ̀nà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní. Bí ènìyàn bá gba ohùn tuntun sórí ọ̀nà kan, èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ parẹ́. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè, Akínladé pe Olúsọjí nìkan sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ojú ẹnì kan ni àwọn tí ń ra orin máa ń rántí. Ó ní kí ó lọ rò ó. Kò fi ipá mú un. Kò nílò ipá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Dáúdà lọ kírun, Olúsọjí wọ yàrá náà. Ó yan ọ̀nà tí ohùn Dáúdà wà, ó tẹ bọ́tìnì, ó sì wí pé: "Olúsọjí ló ṣe é." Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Moróunkẹ́, aránṣọ tí ó máa ń bá wọn gbe orin, wà níbẹ̀. Ó rí i, ó sì dákẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, gbogbo Kaduna ń kọ ọ́. Dáúdà gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ kó dùùrù rẹ̀ kúrò ní Television. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Olúsọjí kò lè ṣe orin kejì. Ọ̀rọ̀ wà, ohùn kò sí. Kí ọdún kan tó pé, Akínladé kò gbà á wọlé mọ́. Olúsọjí wá di ẹni tí ń fi bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, jí, tí ń fi bùrùkùtù sùn.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí náà ni Moróunkẹ́ ti bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1995.

"Bùrọ̀dá Ṣọjí, láti àárọ̀ lẹ ti wà níbí."

"Orin ni mò ń kọ."

"Nínú igbá?"

"Inú rẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti ń rí i."

Moróunkẹ́ jókòó tì í. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí pé mo dákẹ́, mo sì ti sọ fún Dáúdà pé mo rí i. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ṣé Jésù rẹ lè dá ohùn tí mo pa rẹ́ padà?"

"Mi ò mọ̀. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì ló kú fún."

Olúsọjí gbé igbá sílẹ̀. "Tí Ọdún Àjíǹde bá dé, màá lọ bá Ọlọ́run, màá sì lọ bá Dáúdà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ara mi ṣe."

"Jésù ò ní kí ẹ kọ́kọ́ tún ara yín ṣe. Dáúdà náà ò sọ bẹ́ẹ̀."

Olúsọjí gbé igbá sẹ́nu.

Nígbà tí ooru ọdún 1996 dé, sankarau wọ Rigasa, àìsàn tí ń mú kí ọrùn gan, tí ń pa ọmọdé àti àgbà.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, Olúsọjí kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, ó sì fi ara rẹ̀ fún Kristi. Òótọ́ ni ìyípadà náà. Láti ọjọ́ náà kò tọ́ ọtí wò mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Akínladé wà ní àga iwájú. Ìwé orin rẹ̀ ni ó ń wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Olúsọjí tún orin náà gbà sílẹ̀. Ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: "Dáúdà àti Ṣọjí ló ṣe é." Ní ọjọ́ kejì ó mú un lọ sí Rigasa.

Rashidat, àbúrò Dáúdà, ló ṣílẹ̀kùn. "Sannu, Bùrọ̀dá. Ẹ pẹ́."

"Ṣé ó wà nílé?"

"Ó wà. Sankarau mú un lóṣù tó kọjá. Ó yè é, àmọ́ kò gbọ́ràn mọ́. Etí méjèèjì."

Olúsọjí dọ̀bálẹ̀. Ó kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé, Dáúdà sì kà á tán. Dáúdà fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ohùn ti ń jáde.

"Ó ti yára jù," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ròkè ju bí yàrá náà ṣe tóbi lọ. "Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"

Olúsọjí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi ò ní lè mọ̀."

Rashidat gbé omi wá. Dáúdà kò sọ pé òun dárí jì í.

Ìwọ tí ìwé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, Ọlọ́run dárí ji Olúsọjí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì mọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin tí ó fi ń dá ọjọ́, etí Dáúdà lọ nínú rẹ̀, kò sì sí àdúrà tí ó ti dá a padà. Ìwọ náà ti dá ọjọ́. O ti sọ pé lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tí iṣẹ́ bá dúró. Ta ni ó fi ọjọ́ yẹn lé ọ lọ́wọ́? Bí ó bá jẹ́ àga iwájú ni o ń jókòó sí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí ṣáájú. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà lónìí, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Kristi láì bu ọ̀kan kù. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí ó ṣì lè gbọ́ ọ.

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ṣèlérí, níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìjọ, pé orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ní ọdún 1997, ó tún un tẹ̀ jáde. Orúkọ Akínladé nìkan ni ó wà lára rẹ̀.