Ẹni Keje Tí Ó Dáhùn

Oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu Odessa Pruitt, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo ń bá agídí mi lọ títí mo fi lọ jókòó fúnra mi ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní òwúrọ̀ Sátidé mẹ́rin. N kò jiyàn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn, ọ̀nà ibẹ̀ kò tíì dí.

Bàtà tútù ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1957, nígbà tí kíláàsì ìwé kíkà parí ní Gaines Ferry, ní Alabama, Bàbá Tolliver dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ símẹ́ńtì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bá mi sọ fún èyí tó kọ́ mi lónìí kó máa nu bàtà ẹ̀ kó tó wọlé. Omi ló ń kán sí mi lẹ́sẹ̀ látàárọ̀."

Verdell Hairston rẹ́rìn-ín. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ẹni tí kì í wolẹ̀ rìn. "Bàbá, èwo nínú wa? Òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

"Ṣé mo mọ orúkọ ẹ̀ ni? Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, etí mi ṣì dá ṣáṣá. Ohùn ẹ̀ jọ tìẹ gan-an. Ìwọ ni mo pè é, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí ọ lọ́hùn-ún níwájú pátákó."

Odessa ní, "Bàbá, wísíkì àná ò tíì dá lójú yín."

"Onítẹ̀bọmi ni mí, ọmọ yìí, a kì í mutí!"

"Ohun tí gbogbo yín ń wí náà nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Verdell lọ gbé àga Bàbá Tolliver kúrò, ó rí omi lábẹ́ àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, létí fèrèsé tí ó kọjú sí odò. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ kànga, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀. Ó mú àkísà, ó nù ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ mẹ́fà ni wọ́n, oníkálukú ló sì ní àga tirẹ̀. Àga yẹn kò ní ẹni kankan.

Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ìlú jẹ lógún. Nítorí aṣọ ìpàdé wọn, aráàlú ń pè wọ́n ní Aláṣọ Funfun. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé lọ́jọ́ Sátidé, torí pé ẹni tí kò bá lè ka ìwé òfin ní kóòtù, wọn kò ní jẹ́ kí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni tí ó tilẹ̀ lè kà á, wọ́n ṣì lè lé e padà. Orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi gba yàrá náà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ka tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sì pé méje, olú-ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ọ̀kan nínú wọn bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Detroit. Wọ́n ku mẹ́fà. Abẹ̀wò sì ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún.

Ọgbọ́n tí Verdell dá nìyí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àṣà wọn ni kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìdáhùn kò bá wá, akọ̀wé á fa ìlà sábẹ́ orúkọ náà, wọ́n á sì pa àbẹ́là kan. Ernestine Gaddis nìkan ni wọn kò ṣe é fún. Ọdún 1934 ni ọkọ̀ ojú omi dà á sódò, níbi tí ó ti ń lọ kọ́ àwọn ará òdìkejì ní ìwé. Wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò sì rí ọkọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fa ìlà náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nípàdé, gbogbo wọn á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì kọjá sí orúkọ tó kàn.

Ìwé òfin wọn wí pé ẹni tí a bá dáhùn orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé mẹ́ta léraléra, ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́ ni. Kò sọ ẹnu ẹni tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ní oṣù kejì, wọ́n pe Ernestine Gaddis, Verdell sì ní, "Mo wà níhìn-ín."

Odessa ju kálàmù sílẹ̀. "Verdell! Òkú lo ń bá dáhùn yẹn o."

"Ìwọ rí òkú ẹ̀ ni? Kọ ọ́ sílẹ̀, jàre."

Ó dáhùn ní oṣù kẹta, ó tún dáhùn ní oṣù kẹrin. Ohùn rẹ̀ ń há díẹ̀díẹ̀. Ó ní òtútù ni, ó ń fi oyin mu tíì. Àwọn àgbà ní bí a bá pe òkú ní pòpó, alààyè níí dáhùn. Wọn kò sọ ohun tí alààyè náà yóò fi san án.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan nínú oṣù karùn-ún ni Ìyáàfin Threadgill dé láti olú-ilé-iṣẹ́. Obìnrin gíga ni, ó wọ fìlà àti ìbọ̀wọ́. Ó wo inú ìwé, ó wo àwọn ọmọbìnrin.

"Méje ló wà nínú ìwé. Mẹ́fà ni mo rí."

"Ẹ pè wá, Mà," ni Verdell wí. Ohùn rẹ̀ kò ju bí ẹni ń mí lọ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Ohun tí òfin wí la ṣe."

Ìyáàfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ó dé orí Gaddis, ó dúró, ó sì wá pè é jẹ́jẹ́. "Ernestine Gaddis."

"Mo wà níhìn-ín."

Àga etí fèrèsé ni ohùn náà ti wá. Ohùn Verdell ni, ó dán, ó mọ́ gaara. Gbogbo wọn bojú wo Verdell. Ètè rẹ̀ padé. Lábẹ́ àga òfìfo náà, omi ń tàn kálẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

Ohùn náà ní, "Má bínú, Vinnie. Mo pẹ́. Odò ló kún."

Ìyáàfin Threadgill di tábìlì mú. Òun àti Ernestine ni wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tí ń pè é ní Vinnie. Ó gbé kálàmù rẹ̀. Ó fi àmì sí orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó pe, "Verdell Hairston."

Verdell la ẹnu. Kò sí ohun tí ó jáde, kódà èémí kò dún. Ó tún gbìyànjú. Odessa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Verdell rìn lọ sí iwájú pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: MO WÀ NÍHÌN-ÍN.

"Ó pé méje," ni Ìyáàfin Threadgill wí. Ó buwọ́ lu ìwé, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn.

Ìwé àṣẹ wà lára ògiri títí di òní. Ní oṣù kẹwàá, Bàbá Tolliver ka ìwé òfin ní kóòtù láìkọsẹ̀, ó forúkọ sílẹ̀, ó wá bá Verdell nínú kíláàsì.

"Ọmọ mi, ìwọ ń kọ ọ́, èyí tó wà létí fèrèsé yẹn ń kà á. Olùkọ́ méjì, ẹnu kan. Ṣé ẹ kì í jà?"

Verdell rẹ́rìn-ín láìdún.

Odessa bẹ̀ ẹ́ lọ́dún yẹn pé kí àwọn fa ìlà náà sábẹ́ orúkọ Ernestine, kí àwọn pa àbẹ́là, bóyá ohùn á padà. Verdell kọ èsì sórí pátákó: "A ó wá ku mélòó?" Ó pa á rẹ́, ó sì kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Mo wà níbẹ̀, mo ti sọ. Ó ń kọ̀wé, ó kẹ̀yìn sí wa, ohùn rẹ̀ sì ń ka ọ̀rọ̀ náà fún wa láti etí fèrèsé. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ rí.

Ohun tí ó sọnù kò pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọbìnrin kan tí ó wà nínú rẹ̀, àti ohùn ọmọbìnrin kejì. Mẹ́ta ni. Mo kà á.